Èéfín, Oru tàbí Kùrukùru? Ìwọ̀n Ìgbóná àti Orúkọ Ohun tí ń Jáde Lára Tábà Yíyan

1.0 Ìfáárà

Láti ìgbà tí Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ni ó ti hàn gbangba pé èdè Yorùbá tó gbangba sùn lọ́yẹ́ nínú kíkọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn àwa olùkọ́ àti olùtúmọ̀ ni pé kí á máa wá ọ̀rọ̀-ìperí tí yóò bá ohun tuntun tí ń wọlé mu. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré rárá. Ọ̀rọ̀-ìperí tí kò péye lè mú kí òǹkàwé gba ohun tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́ fún un.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kan ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Oríṣi tábà kan wà tí a kì í ṣáná sí. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ń lo bátìrì ni ó ń mú un gbóná, ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ yóò sì fi ẹnu fa ohun tí ó bá jáde lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Philip Morris International gbé tiwọn, tí wọ́n pè ní IQOS, jáde ní ìlú Nagoya ní Jàpáànì àti ní ìlú Milan ní Ítálì ní ọdún 2014. Ní ọdún 2016, British American Tobacco gbé glo jáde ní ìlú Sendai, Japan Tobacco náà sì gbé Ploom TECH jáde ní ìlú Fukuoka. Jàpáànì kan náà ni ìlú méjèèjì yìí wà.

Àwọn tí ń ta ọjà yìí kò fẹ́ kí á pe ohun tí ń jáde lára rẹ̀ ní èéfín. Aerosol ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe orúkọ tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń lò fún ẹ̀kán tàbí hóró kínkínní tí ó fẹ̀ ká inú afẹ́fẹ́, tí kò sì tètè balẹ̀. Kí wá ni olùtúmọ̀ Yorùbá yóò pè é? Bí ó bá pè é ní oru, ìkòkò àgbo ni yóò wá sí ọkàn òǹkàwé. Bí ó bá pè é ní èéfín, iná ni òǹkàwé yóò rántí. Ìdáhùn kò lè ti inú ìwé atúmọ̀-èdè nìkan wá. A ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwọ̀n ìgbóná ń ṣe sí ewé tábà, nítorí pé ìwọ̀n ìgbóná gan-an ni yóò sọ orúkọ tí ó tọ́ fún wa.

2.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ tí ó Wà Nílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) (a) Èéfín ń rú láti inú ààrò.
    (b) Oru ń jáde lẹ́nu ìkòkò.
    (d) Kùrukùru bo orí òkè.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ láti gbọ́ ni pé èéfín kò sí níbi tí iná kò bá sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí ibi tí iná náà wà. Bí ìyá bá gbé epo pupa kaná tí ó pẹ́ lórí rẹ̀, epo náà yóò máa rú èéfín kí ó tó di pé iná mú un. Abẹ́ ìkòkò ni iná wà, kò sí lára epo. Bákan náà ni àwọn tí ń sun èédú ń fi erùpẹ̀ bo igi kí atẹ́gùn má baà ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa. Igi náà kò jó di eérú, síbẹ̀ èéfín tí ń rú jáde níbẹ̀ pọ̀ jọjọ. Nítorí náà, nínú ìlò Yorùbá, kì í ṣe dandan kí nǹkan fúnra rẹ̀ máa jó kí á tó sọ pé ó ń rú èéfín. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ìgbóná máa ba ara rẹ̀ jẹ́, kí ó máa sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Oru ní tirẹ̀ kò jìnnà sí ooru. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ìgbóná ni a ó máa lò nínú àpilẹ̀kọ yìí fún ohun tí a ń fi tẹmọ́mítà wọ̀n, a ó sì fi oru pamọ́ fún gáàsì tí nǹkan olómi máa ń dà. Bí kẹ́tùlù bá ń hó, ohun funfun tí ojú ń rí kì í ṣe oru gan-an. Oru gan-an wà ní àyè kékeré tí ó wà láàárín ẹnu kẹ́tùlù àti ohun funfun náà, ojú kò sì lè rí i. Ohun funfun náà ni oru tí ó ti tutù, tí ó ti di ẹ̀kán omi kínkínní.

Kùrukùru ni ọ̀rọ̀ kẹta. A ń lò ó fún ẹ̀kán omi tí ó ṣú bo òkè lówùúrọ̀, a sì ń lò ó fún eruku ọyẹ́ tí kì í jẹ́ kí á rí ọ̀nà jìnnà. Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé iná wà, kò sì sọ pé omi ni. Ohun tí ó sọ ni pé nǹkan kínkínní púpọ̀ fẹ̀ ká inú afẹ́fẹ́.

3.0 Ohun tí Ìgbóná ń Ṣe sí Ewé Tábà

Tábà tí a ń lò nínú ẹ̀rọ bí IQOS kì í ṣe ewé lásán. A ti lọ ewé náà, a ti pò ó mọ́ glísẹ́rọ́ọ̀lù, a sì ti tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí á tó ká a sínú bébà. Nítorí náà, omi, nikotíìnì, ṣúgà, àwọn ohun líle tí ó gbé ewé ró, àti glísẹ́rọ́ọ̀lù ni ìgbóná yóò bá níbẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ìgbóná lè fà, ó sì dára kí á yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

3.1 Ìdoru

Ohun àkọ́kọ́ ni kí nǹkan di oru. A pe èyí ní ìdoru. Kì í ṣe dandan kí nǹkan hó kí ó tó di oru: aṣọ tútù tí a sá sórí okùn kò hó, síbẹ̀ ó gbẹ. Nínú ahéré tí a ti ń fi ìgbóná gbẹ ewé tábà, ìgbóná kì í sábà ju nǹkan bí 70°C lọ nígbà tí iṣẹ́ bá ń parí. Omi ń jáde lára ewé, ewé kò sì jó.

Omi a máa hó ní 100°C, nikotíìnì ní nǹkan bí 247°C, glísẹ́rọ́ọ̀lù sì ní nǹkan bí 290°C. Kí ìgbóná tó dé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ti hó ni oru wọn ti ń jáde. Kókó tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ni pé oru kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀nba kan náà bí ìgbóná ti ń pọ̀ sí i. Ìlọ́po-ìlọ́po ni ó fi ń pọ̀. Láti 20°C dé 100°C, agbára tí oru omi fi ń ti ohun tí ó yí i ká di nǹkan bí ìlọ́po 43. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún dígíìrì láàárín ẹ̀rọ kan àti èkejì kì í fi í ṣe ìyàtọ̀ kékeré.

3.2 Ìfìgbónátú

Ohun kejì ni kí ìgbóná tú nǹkan sí wẹ́wẹ́, kí ó sọ ọ́ di ohun tí kò sí nínú ewé tẹ́lẹ̀. Inú àpólà 'fi ìgbóná tú' ni a ti ṣẹ̀dá ìfìgbónátú. Ẹni tí ó bá ti yan gàrí rí mọ ohun tí à ń wí. Bí iná bá mọ níwọ̀n, omi ni yóò jáde lára rẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, gàrí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òórùn rẹ̀ yóò yí padà, èéfín yóò sì máa rú. Ohun tí ó jáde nígbà náà kì í ṣe omi mọ́.

Nínú ewé tábà, díẹ̀ lára àwọn ohun líle tí ó gbé ewé ró máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká nígbà tí ìgbóná bá ti kọjá 200°C. Èyí tí ó lágbára jù nínú wọn, tí a ń pè ní sẹ́lúlóòsì, máa ń tú ká láàárín nǹkan bí 300°C sí 400°C. Láti inú ìtúká yìí ni fọ́máádíháìdì àti díẹ̀ nínú kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì ti ń wá. Glísẹ́rọ́ọ̀lù tí ìgbóná bá yọ omi lára rẹ̀ a máa di akirolíìnì. Ohun yìí kò ṣàjèjì sí wa nínú ilé ìdáná: ó wà lára ohun tí ń ta ni lójú tí ó sì ń ha ni lọ́fun nígbà tí epo bá pẹ́ jù lórí iná, nítorí pé glísẹ́rọ́ọ̀lù wà nínú èròjà epo náà.

3.3 Ìjóná

Ohun kẹta ni ìjóná. Ìjóná ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ó sì ń pèsè ìgbóná tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí sìgá tí a ti ṣáná sí yóò máa jó lọ bí a kò tilẹ̀ fà á. Orí sìgá tí ń jó a máa gbóná tó 600°C sí 900°C. Níbẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì púpọ̀ ti ń wá, pẹ̀lú ọ̀dà àti ọ̀kẹ́ àìmọye kẹ́míkà mìíràn. Àwọn onímọ̀ ti ka èyí tí ó ju 7,000 lọ nínú èéfín sìgá.

3.4 Ìdẹ̀kán

Ohun kẹrin ni òdìkejì ìdoru. Bí oru bá kúrò níbi tí ó ti gbóná tí ó sì bá afẹ́fẹ́ tútù pàdé, kò ní lè wà ní oru mọ́. Yóò di ẹ̀kán, gẹ́gẹ́ bí ìrì ti ń sẹ̀ sórí koríko. A pe èyí ní ìdẹ̀kán. Nínú tábà, ẹ̀kán náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ohun tí ó kéré tó báyìí kì í dúró ní ọ̀fun. Ó lè wọlé dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìgbóná bá ti pọ̀ tó ni oru yóò ti pọ̀ tó, bí oru bá sì ti pọ̀ tó ni ẹ̀kán tí ó ti inú rẹ̀ wá yóò ti pọ̀ tó. Ohunkóhun tí ìfìgbónátú bá sì pèsè lè bá ẹ̀kán náà rìn, tàbí kí ó wà ní gáàsì láàárín wọn.

4.0 Ẹ̀rọ Mẹ́ta, Ìwọ̀n Ìgbóná Mẹ́ta

Nínú IQOS àkọ́kọ́, abẹ kékeré kan ni a ń tì bọ àárín tábà. Abẹ náà lè gbóná tó 350°C. Tábà tí ó fara kan abẹ ni ó máa ń gbóná jù. Èyí tí ó wà létí kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nínú glo àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni ìgbóná ti ń wá yí tábà ká, kì í sì í ju nǹkan bí 240°C lọ. Ploom TECH yàtọ̀ pátápátá: ohun olómi kan ni ẹ̀rọ ń sọ di oru, tí oru náà ń dẹ̀kán, tí ó sì ń gba inú tábà kọjá. Tábà fúnra rẹ̀ kò gbóná ju nǹkan bí 30°C lọ. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé tábà ni ó wà ní 30°C. Ìgbóná tí ń sọ ohun olómi náà di oru ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Bí a bá fi ohun tí a sọ ní 3.0 wé àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí, a ó rí ohun tí ó yẹ kí á máa retí. Ní 30°C, díẹ̀ ni nikotíìnì tí yóò jáde, kò sì yẹ kí ìgbóná tú ewé ká. Ní 240°C, ìdoru ti múlẹ̀, ìfìgbónátú sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 350°C, ìdoru pọ̀ gan-an, ìfìgbónátú sì ti dé orí sẹ́lúlóòsì. Kò sí èyí tí ó dé ibi tí sìgá ti ń jó.

5.0 Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí. Nikotíìnì tí ń jáde láti inú Ploom TECH kéré gan-an sí ti IQOS. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí kan ní Switzerland tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí IQOS jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà. Nínú ìdánwò wọn, ìgbóná IQOS dé 330°C, ti sìgá tí wọ́n fi wé e sì dé 684°C. Síbẹ̀, nikotíìnì tí ó jáde lára IQOS tó ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ti sìgá náà. Wọ́n rí kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì àti àwọn kẹ́míkà mìíràn tí ìgbóná ń pèsè. Ìparí èrò wọn ni pé èéfín ni èéfín ń jẹ́, orúkọ yòówù tí a lè fún un. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò gbà fún wọn.

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Riverside tú tábà IQOS tí a ti lò wò. Wọ́n rí i pé tábà tí ó yí abẹ ká ti di dúdú bí èédú, pàápàá nígbà tí a kò bá nu ẹ̀rọ náà. Wọ́n tún rí i pé ọ̀rá tín-ín-rín tí ó wà nínú ọ̀pá tábà náà ń yọ́, àti pé ní 90°C péré, ohun olóró kan ń jáde lára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé kì í ṣe tábà nìkan ni ìgbóná ń bá ní ibi tí ó dé.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé ìdajì òótọ́ sílẹ̀. Bí ìgbóná ti dín kù, tí ìjóná kò sì sí, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì dín kù gidigidi sí ti sìgá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ́míkà olóró mìíràn náà sì dín kù. Ìdí nìyí tí àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi gbà ní oṣù keje ọdún 2020 pé kí ilé-iṣẹ́ náà máa sọ pé ẹni tí ó bá fi sìgá sílẹ̀ pátápátá fún IQOS yóò fa kẹ́míkà olóró tí ó dín kù. Àjọ kan náà kò gbà kí wọ́n sọ pé ewu àìsàn dín kù, nítorí pé ẹ̀rí kò tíì tó fún ìyẹn. Kí ohun tí à ń fà dín kù jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Kí àìsàn dín kù jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Olùtúmọ̀ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ti ṣi òǹkàwé lọ́nà.

6.0 Yíyá, Yíyan, Jíjó

Orúkọ tí àwọn oníṣòwò fún ọjà yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé a ń mú un gbóná ni, a kì í jó o. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí 'tábà aláìjó', a ti sọ òótọ́ kan, a sì ti fi òmíràn pamọ́. Ohun tí kò jó kì í ṣe ohun tí kò yí padà.

Èdè Yorùbá kò tòṣì ní ìhà yìí. A ń yá nǹkan nígbà tí a bá fẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lásán. A ń yan ẹ̀pà, a ń yan gàrí, a ń yan ẹja; nǹkan tí a yan kò jó, ṣùgbọ́n ìrísí, òórùn àti adùn rẹ̀ ti yí padà. Nǹkan a sì máa jó nígbà tí iná bá mú un tí ó sì sọ ọ́ di eérú. Ìpele mẹ́ta yìí bá ìwọ̀n ìgbóná tí a ti sọ mu:

(2) (a) tábà yíyá: ní nǹkan bí 30°C, bí i ti Ploom TECH;
    (b) tábà yíyan: ní nǹkan bí 240°C sí 350°C, bí i ti glo àti IQOS;
    (d) tábà jíjó: ní 600°C sí 900°C, bí i ti sìgá.

Tábà yíyan ni a dábàá fún ìsọ̀rí (2b). Kò purọ́ pé iná wà níbi tí kò sí, kò sì bo ìyípadà mọ́lẹ̀.

7.0 Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ohun tí ń Jáde

A dábàá pé kí kùrukùru jẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí gbogbogbòò fún aerosol: ó gba ẹ̀kán, ó gba hóró, kò sì sọ ibi tí wọ́n ti wá. Ìkùukùu ojú ọ̀run, eruku ọyẹ́, èéfín ààrò àti ohun tí ń jáde lára tábà, kùrukùru ni gbogbo wọn. Èéfín yóò wá jẹ́ oríṣi kùrukùru kan, èyí tí ìfìgbónátú tàbí ìjóná lọ́wọ́ sí. Nípa ìlànà yìí, ohun tí ń jáde lára tábà yíyan jẹ́ kùrukùru tábà, ó sì tún jẹ́ èéfín, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń jáde lára epo gbígbóná ti jẹ́ èéfín. Èyí tí ó wá láti ara tábà yíyá jẹ́ kùrukùru nìkan. Oru kò bá èyíkéyìí nínú wọn mu, nítorí pé ohun tí à ń fà ti dẹ̀kán kí ó tó dé ẹnu.

Ẹnìkan lè sọ pé kùrukùru rọ ọkàn jù, pé ó ń mú ni rántí òwúrọ̀ tútù. Àríwísí yìí ní ìdí. Nítorí náà, nínú ìwé ìkìlọ̀ tí a kọ fún gbogbo ènìyàn, kí á má ṣe lo kùrukùru ní òun nìkan. Kí á kọ kùrukùru tábà, kí á sì sọ pé nikotíìnì tí ń di bárakú wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti tábà yíyan, kí á má bẹ̀rù láti kọ èéfín.

Ní àkótán, àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìwọ̀nyí:

ìdoru: kí nǹkan di oru, ìbáà hó, ìbáà má hó.
ìdẹ̀kán: kí oru tutù, kí ó sì di ẹ̀kán.
ìfìgbónátú: kí ìgbóná tú nǹkan sí wẹ́wẹ́, kí ó sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.
ìjóná: kí nǹkan jó pẹ̀lú ọ́síjìn, kí ó sì máa pèsè ìgbóná tirẹ̀.
kùrukùru: ẹ̀kán tàbí hóró kínkínní tí ó fẹ̀ ká inú afẹ́fẹ́.
èéfín: kùrukùru tí ìfìgbónátú tàbí ìjóná lọ́wọ́ sí.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwọ̀n ìgbóná ni ó ń pinnu ohun tí yóò jáde lára tábà, àti pé ohun tí ó jáde ni ó yẹ kí ó pinnu orúkọ. Kì í ṣe olùtajà ni ó yẹ kí ó sọ ọ́ lórúkọ fún wa, kì í sì í ṣe ẹni tí ó kórìíra tábà. Ọ̀rọ̀ yìí lè dé iwájú olùtúmọ̀ òfin lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 2018 ní Geneva, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí ìdarí tábà gbà pé ọjà tábà ni àwọn ọjà yìí, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà láti ọdún 2005. Bí òfin kan bá sọ pé a kò gbọdọ̀ rú èéfín tábà nínú kíláàsì tàbí nínú ọkọ̀ èrò, tí olùtúmọ̀ sì ti kọ ọ́ níbòmíràn pé oru ni ti IQOS, ó ti ṣí ìlẹ̀kùn tí òfin fẹ́ tì. Ẹ jẹ́ kí á wọn ìgbóná rẹ̀ kí á tó sọ ọ́ lórúkọ.